TP-Link TL-MR6400: ráútà onísíìmù fún ilé tí wáyà fáíbà kò tíì dé

Orí 300Mbps tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ráútà yìí ni ojú àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ bà lé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn wò. 300Mbps yẹn, ti Wáì-Fáì ni, ìyẹn láàárín ráútà àti fóònù yín nínú ilé. Ohun tó ń wọlé láti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè ju 150Mbps lọ, nítorí 4G tí wọ́n ń pè ní Cat4 ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó ń jáde lọ kò sì lè ju 50Mbps. Iye yẹn gan-an, ti orí ìwé ni. Ní àdúgbò tí èrò pọ̀ lórí òpó kan, pàápàá láàárín aago méje sí mọ́kànlá alẹ́, kí ẹni tó bá rí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ máa dúpẹ́. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ráútà yìí ni pé: ṣé ó lè gba gbogbo ohun tí òpó tó wà nítòsí yín ní láti fún yín? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè gbà á, bí ẹ bá gbé e síbi tó yẹ. Ibi tí ẹ gbé e sí yìí ló sì máa ń sọ bóyá owó yín jóná tàbí kò jóná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú páálí. Ráútà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, áńtẹ́nà méjì tí a máa ń yí mọ́ ọn lẹ́yìn, ṣájà 9V tó ń gbé 0.85A, àti wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Ojú ihò mẹ́rin ló wà fún wáyà, 100Mbps ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tí wọ́n kọ LAN4/WAN sí lára (LAN ni ti ẹ̀rọ inú ilé, WAN ni ti íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé láti ìta) lẹ máa lò bí fáíbà bá dé àdúgbò yín lọ́jọ́ kan. Ihò síìmù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì ti ara rẹ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kankan bí ẹ bá ra tuntun: MTN, Airtel, Glo, èyí tó bá dáa jù ní òpópónà yín ni kí ẹ fi sí i, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i. Lójú tèmi, ohun tó mú kó sàn ju ráútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fúnra wọn ń tà nìyẹn, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú tiwọn ni kì í gba síìmù ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ áńtẹ́nà wọ̀nyẹn wá. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àwọn ni wọ́n ń fọ́n Wáì-Fáì káàkiri ilé, tí wọ́n á wá máa yí wọn sọ́tùn-ún sósì nígbà tí yàrá ẹ̀yìn kò bá rí Wáì-Fáì gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Áńtẹ́nà Wáì-Fáì wà nínú ikùn ráútà, ẹ kò lè rí wọn. Àwọn méjì tó yọ síta, òpó ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ yọ wọ́n kúrò, Wáì-Fáì á ṣì kún fọ́fọ́ lójú fóònù yín, íntánẹ́ẹ̀tì lá máa falẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, nítorí náà ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú páálí, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dúró gangan sókè. Nítorí pé wọ́n ṣeé yọ, ẹni tó wà lẹ́yìn ìlú, tí òpó jìnnà sí, lè fi áńtẹ́nà ìta orí òrùlé rọ́pò wọn. Bó bá kan ìyẹn, ẹ ra èyí tó ní wáyà méjì, kí wáyà náà má sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ olówó pọ́ọ́kú tó gùn tó mítà mẹ́wàá lè jẹ gbogbo èrè tí áńtẹ́nà mú wá kó tó dé ẹ̀yìn ráútà.

Síìmù ló kàn. Ẹ má ti inú ìdì rẹ̀ yọ ọ́ tààrà sínú ráútà. Ẹ kọ́kọ́ fi sínú fóònù, kí ẹ rí i pé wọ́n ti so ó mọ́ NIN, kí ẹ ra dátà sórí rẹ̀, kí ẹ tẹ *323# láti rí i pé dátà náà ti wọlé, kí ẹ sì pa PIN síìmù bó bá ní. Ọ̀pọ̀ ráútà tí wọ́n ń dá padà fún oníṣòwò pé ó bàjẹ́, síìmù ni kò tíì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. MR6400 tó pọ̀ jù lọ́jà, síìmù micro ló ń gbà, nígbà tí èyí tí wọ́n ń fún wa lóde òní jẹ́ nano. Férémù kékeré tí wọ́n ń gbé nano sí kó lè tóbi tó micro máa ń fa wàhálà: bí síìmù bá yọ kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fà á jáde, eyín tín-tìn-tín inú ihò lè ká tàbí kó ṣẹ́, kò sì sí àtúnṣe tó rọrùn fún un. Páálí síìmù tí wọ́n fún yín ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ sábà máa ń ní ìwọ̀n mẹ́ta tí a lè yà sọ́tọ̀. Bí ẹ kò bá tíì já a dé nano, ẹ já a mọ́ micro, kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ férémù. Ẹ sì pa ráútà kí ẹ tó ki síìmù bọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ tó yọ ọ́.

Bó bá tan tán, ẹ so fóònù mọ́ Wáì-Fáì rẹ̀. Orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí tplinkmodem.net tàbí 192.168.1.1 nínú búráúsà. Á ní kí ẹ dá páásíwọ́ọ̀dù alákòóso sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Wáì-Fáì, nítorí gbogbo àlejò tí ẹ bá fún ní ti Wáì-Fáì á lè wọ inú ráútà lọ yí nǹkan padà. Ẹ fi aago sí GMT+1. Ó sábà máa ń dá APN mọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn orúkọ ẹnu ọ̀nà tí síìmù ń gbà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ti MTN ni web.gprs.mtnnigeria.net, ti Airtel sì ni internet.ng.airtel.com. Àmì kan tó bá ṣì nínú rẹ̀, iná ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì á tàn dáadáa, íntánẹ́ẹ̀tì kò ní wọlé, ẹ ó sì máa bá ráútà jà lórí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ní abẹ́ Wireless, WPA2 pẹ̀lú AES, ìyẹn irú ààbò tí Wáì-Fáì ń lò, ni kí ẹ yàn, kí páásíwọ́ọ̀dù má dín ní lẹ́tà méjìlá. Ẹ pa WPS, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ so mọ́ Wáì-Fáì láìtẹ páásíwọ́ọ̀dù. Ibi tí wọ́n kọ Channel Width sí, 20MHz ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe Auto, kì í sì í ṣe 40. Ìyẹn máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu, nítorí 40MHz ló ń mú 300Mbps inú páálí wá. Ṣùgbọ́n 2.4GHz nìkan ni ráútà yìí ní, ojú ọ̀nà mẹ́ta péré tí kò gun ara wọn ló sì wà lórí 2.4GHz: channel 1, 6 àti 11. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onífúláàtì mẹ́fà ní Súrùlérè tàbí Bódìjà, ó ṣeé ṣe kí fóònù yín rí Wáì-Fáì ogún níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹni tó bá lo 40MHz níbẹ̀ ń jókòó lórí àga méjì nínú ọkọ̀ tó kún. Àwọn tó kù á máa tì í, òun náà á máa tì wọ́n, kò sẹ́ni tó máa jókòó ire. Ní 20MHz, ráútà àti fóònù ṣì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ dé 144Mbps, ìyẹn sì pọ̀ ju ohun tí òpó máa fún yín lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi áàpù tó ń ṣàyẹ̀wò Wáì-Fáì wo èyí tí ojú rẹ̀ dá jù nínú 1, 6 àti 11, kí ẹ mú un. Ẹ má mú 3 tàbí 8 nítorí pé ó dà bíi pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Àárín èèyàn méjì lẹ bọ́ sí yẹn.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí gan-an ni iṣẹ́ wà. Iwájú ráútà ní iná tó ń fi ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn; ìlà méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ ń wá, ọ̀kan kò tó. Àmọ́ ìlà kì í sọ gbogbo òótọ́. Ẹ gbé síìmù náà sínú fóònù Android, kí ẹ lọ sí Settings, About phone, SIM status, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tó ní dBm lẹ́yìn. Bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe dáa tó: -85 dára púpọ̀, -100 ṣeé fara mọ́, bó bá ti kọjá -110 ẹ kúrò níbẹ̀. Kí ẹ wá máa rìn káàkiri ilé, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì níbi kọ̀ọ̀kan, nítorí nọ́ńbà náà kì í yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ rí i pé LTE, ìyẹn 4G, ló kọ síbẹ̀. Ti 3G kò ṣeé fi wé ti 4G. Ẹ máa rí i pé láàárín fèrèsé pálọ̀ àti igun yàrá tí kò ní fèrèsé, ìyàtọ̀ lè tó 15 tàbí 20 dB. Ìyàtọ̀ yẹn ni yóò sọ bóyá fídíò á máa lọ geere tàbí á máa dúró lójú ọ̀nà.

Fèrèsé tó kọjú sí òpó ló sábà máa ń borí, ní ìwọ̀n orí tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ kò fara sin: ògiri búlọ́ọ̀kù onínǹṣì mẹ́sàn-án, òrùlé páànù, irin fèrèsé tó há, dígí ńlá, ọpọ́n omi orí òrùlé, fíríìjì. Ẹ má ki ráútà sẹ́yìn tẹlifíṣàn nítorí pé ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ má sì fi í sí ojú oòrùn tààrà níbi fèrèsé náà. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, oòrùn ọ̀sán á wá fi kún un, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan, á tún pa ara rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ lè yí i ká.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di méjì ni pé fèrèsé tó rí òpó dáadáa lè jẹ́ èyí tó jìnnà jù sí yàrá tí wọ́n ń lo Wáì-Fáì. Ẹ tẹ̀ lé òpó, ẹ má tẹ̀ lé yàrá. Wáì-Fáì ṣeé fà dé ibòmíràn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì òpó kò ṣeé fà. Àwọn tó ń ta ohun tí wọ́n ń pè ní repeater, ẹ̀rọ tó ń gba Wáì-Fáì tó sì ń tún un fọ́n síwájú, á sọ pé òun ló yanjú rẹ̀, àmọ́ èyí tó ní 2.4GHz nìkan ń fi etí kan náà gbọ́, ó sì ń fi í sọ, nítorí náà ó máa ń gé ìyára náà sí bí ìdajì. Wáyà ló dáa. Ráútà àtijọ́ kan tí ẹ ti pa tì lè ṣe iṣẹ́ náà láìsí owó tuntun.

Ẹ so ráútà àtijọ́ náà mọ́ kọ̀ǹpútà nìkan, ẹ má tíì so ó mọ́ MR6400. Ẹ yí àdírẹ́sì LAN rẹ̀ sí 192.168.1.2, nítorí 192.168.1.1 ti jẹ́ ti MR6400. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ àdírẹ́sì kan, ẹ kò ní mọ èyí tí ẹ ń ṣí mọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá yí i, ojúewé náà máa já, ẹ tún un ṣí pẹ̀lú àdírẹ́sì tuntun. Ẹ fún Wáì-Fáì rẹ̀ ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, kí fóònù lè máa bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì, ṣùgbọ́n kí channel yàtọ̀: bí èyí bá wà lórí 1, ẹ fi ìyẹn sórí 6 tàbí 11. DHCP, ohun tó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ, ni ẹ máa pa kẹ́yìn, ẹ má pa á ṣáájú, nítorí bó bá ti kú, kọ̀ǹpútà yín kò ní rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti padà wọlé. Wàyí o, ẹ fa wáyà láti ihò LAN MR6400 sí ihò LAN ráútà àtijọ́, ẹ má fi sí WAN rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé láti pa DHCP, àwọn fóònù kan á máa lo íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan á so pọ̀ láìrí nǹkan kan, ìyẹn ló sì máa ń mú kí wọ́n sọ pé ráútà náà ní ẹ̀mí òkùnkùn. Wáyà Cat5e ti tó, kò gbọdọ̀ gùn ju 100 mítà lọ. Ẹ bi oníṣòwò bóyá kọ́pà ni tàbí alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú. Ẹ ha orí rẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, bó bá ń funfun nínú, ẹ dá a padà.

Kò ní bátìrì, ìkùnà ńlá rẹ̀ ní ilẹ̀ wa nìyẹn. Nígbà tí NEPA bá mú iná, Wáì-Fáì náà á lọ, kó tó padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí jẹ̀nẹ́rétọ̀ bá tan, á ti tó ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpè fídíò á sì ti já. Mini UPS, bátìrì kékeré tó ń gbé ráútà nígbà tí iná bá lọ, ló yanjú ìyẹn, àmọ́ ẹ wo ihò tí ẹ fi sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní 5V, 9V àti 12V lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí wáyà kan náà sì lè wọ inú 9V àti 12V. 9V ni ti ráútà yìí. 12V lè jó o láìsí ariwo. Bí bátìrì inú mini UPS bá jẹ́ 8800mAh ní 3.7V, agbára rẹ̀ jẹ́ bíi 32Wh; ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún tó ń ṣòfò, ó ku 26. Ráútà tó ń jẹ iná dé òpin ṣájà rẹ̀ ń lo 7.65W, tó túmọ̀ sí wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Níwọ̀n bí kì í ti í jẹ tó bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé ọjọ́ kan gbáko ni yóò fi gbé e ń polówó ọjà ni.

Dátà ló tún kù. Nínú Advanced, ibi tí wọ́n kọ Data Settings sí, ẹ lè fi iye GB tí ẹ rà síbẹ̀, kó lè kìlọ̀ fún yín kó tó tán. Ẹ lò ó. Netflix fúnra wọn sọ pé fídíò HD lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, nígbà tí SD, èyí tí kò mọ́ tó o, lè jẹ tó 1GB. Ọmọ méjì tó ń wo nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọ̀sán Sátidé lè gbé 20GB lọ kí ẹ tó ti ọjà dé. Kọ̀ǹpútà Windows náà kò mọ̀ pé síìmù lẹ ń lò: ẹ yan Metered connection fún Wáì-Fáì yẹn, kó má baà máa fa àtúnṣe ńláńlá sílẹ̀ láàárín òru. Fún àwọn àlejò àti ará fúláàtì kejì, Guest Network wà, tí ẹ lè pa nígbàkigbà láìyí páásíwọ́ọ̀dù ti ilé padà. Ẹ̀rọ 32 ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan; ìdílé kan kò lè kún un, àmọ́ ilé ìwé kékeré tàbí ọ́fíìsì tó fẹ́ fi kó èèyàn jọ kò gbọdọ̀ rà á.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń gbé CCTV sílé máa ń bá pàdé lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó tán. Síìmù kì í sábà fún yín ní àdírẹ́sì tiyín lórí ayélujára. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni ilé-iṣẹ́ ń kó sábẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tó bá ṣí Port Forwarding (ìyẹn ṣíṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó wà níta láti dé ẹ̀rọ inú ilé) nínú MR6400 láti máa wo kámẹ́rà rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ ń fi àkókò ṣòfò, kì í ṣe ẹ̀bi ráútà. Kámẹ́rà tó ń lo áàpù P2P, tí a máa ń fi fóònù yàwòrán àmì QR rẹ̀, ló máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí fáíbà bá dé, ẹ lọ sí Operation Mode, ẹ yan Wireless Router Mode, ẹ ki wáyà rẹ̀ sínú LAN4/WAN. Fún ẹni tó gba 50Mbps, ó tó. Ẹni tó sanwó 200Mbps kò lè rí ju 100 lọ, nítorí ihò náà kò gbà ju bẹ́ẹ̀, Wáì-Fáì 2.4GHz á sì tún gé e kù. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ìyẹn ń bọ̀ láìpẹ́, ẹ wo Archer MR600 kàkà bẹ́ẹ̀: ó ní 5GHz, ihò gígábíìtì, àti 4G Cat6 tó lè gbà dé 300Mbps. Owó rẹ̀ wọ́n jù èyí lọ dáadáa. Ẹni tó kàn ń gbé yàrá kan, tó sì ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì kiri lọ sẹ́nu iṣẹ́, MiFi, ráútà kékeré oníbátìrì tó ń wọ àpò, ló yẹ ẹ́. Kò nílò ìkankan nínú méjèèjì.

Lọ́jà, pàápàá ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ ó bá tòkunbọ̀ rẹ̀ pàdé pẹ̀lú, èyí tó ti Ìlú Ọba tàbí Yúróòpù dé. Ó lè dáa, ó sì lè jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ ti tì mọ́ síìmù tirẹ̀, ẹ kò sì lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Ẹ yí i padà, ẹ wo orúkọ àti ẹ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹ̀dà gbogbo ló ń gba ìgbì 4G kan náà. Ẹ ki síìmù tiyín tó ní dátà bọ̀ ọ́ níwájú oníṣòwò, ẹ tẹ Reset mọ́lẹ̀ títí iná Power yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, kí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ tò sínú rẹ̀ lè parẹ́. Bó bá tan padà, tí iná íntánẹ́ẹ̀tì jó, tí fóònù yín sì ṣí ojúewé kan tí ẹ kò ṣí rí, ẹ lè yọ owó.